Ẹ Jẹ́ Ká Rí Ọwọ́ Éjẹ́ǹtì Yìí

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lóṣù yìí kì í ṣe ti ìwé ìtàn-àròsọ, kì í sì í ṣe ti eré orí ìtàgé. Ọ̀rọ̀ framework ni, ìyẹn ohun tí àwọn tó ń kọ prógíráàmù kọ̀ǹpútà fi ń kọ́ éjẹ́ǹtì AI. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú ẹ̀yin òǹkàwé mi ti fẹ́ ṣí ewé kejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù díẹ̀. Bí a bá lè jókòó ti ìwé ẹni ẹlẹ́ni, kí a máa bi òǹkọ̀wé pé kí ló dé tí ọba inú ìtàn rẹ̀ fi ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, kí ló dé tí a kò fi ní ṣe lámèyítọ́ ohun tí yóò máa ná owó wa, tí yóò máa kọ lẹ́tà lórúkọ wa, tí yóò sì máa dá oníbàárà wa lóhùn lóru nígbà tí àwa bá ń hanrun? Òǹkọ̀wé ni ẹni tó kọ framework. Ó ní ohun tó gbà gbọ́ nípa bó ṣe yẹ kí iṣẹ́ rí, ìgbàgbọ́ náà sì wà nínú kóòdù rẹ̀, ì báà sọ fún wa, ì báà má sọ.

Ọ̀rọ̀ éjẹ́ǹtì kò ṣàjèjì sí ará Èkó. Ẹni tó bá ti wá ilé rí ní Súrùlérè mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. O ní kí ó bá ọ wá yàrá méjì. Ó gba owó fọ́ọ̀mù, ó gba owó ìrìn, ó pe éjẹ́ǹtì mìíràn, ìyẹn náà tún pe ẹlòmíràn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wá dojú rú, o kò ní mọ ẹni tó sọ èwo nínú ohun tí wọ́n sọ fún ọ. Éjẹ́ǹtì ti AI yìí jọ ti ilé ju bí àwọn tó ń polówó rẹ̀ ṣe fẹ́ kí á mọ̀ lọ.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Módẹ́ẹ̀lì ńlá kan wà, irú èyí tí OpenAI, Anthropic tàbí Google ń ṣe, tó mọ bí a ti í fi ọ̀rọ̀ fèsì sí ọ̀rọ̀. Fúnra rẹ̀, kò lè ṣe ju kí ó kọ ọ̀rọ̀ lọ. Kò ní ọwọ́, kò ní ẹsẹ̀. Ni a bá kọ àwọn iṣẹ́ kéékèèké sílẹ̀ fún un bí irinṣẹ́. Ọ̀kan ń wo iye ọjà tó kù ní ṣọ́ọ̀bù, òmíràn ń fi í-meèlì ránṣẹ́, òmíràn ń dá owó padà fún oníbàárà. Módẹ́ẹ̀lì yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé, “Ẹ bá mi lo irinṣẹ́ báyìí.” Prógíráàmù wa yóò lò ó, yóò kó èsì fún un. Yóò tún rò ó, yóò tún béèrè òmíràn, títí yóò fi ní iṣẹ́ ti parí. Ìwé ìwádìí kan tí wọ́n pè ní ReAct, tí Shunyu Yao àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Princeton àti ní Google gbé jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, wà lára àwọn tó la ọ̀nà yìí: rò ó, ṣe é, wo ohun tó ṣẹlẹ̀, tún un rò. Àyípoyípo yìí ni ọkàn gbogbo éjẹ́ǹtì tí ẹ̀ ń gbọ́ ariwo rẹ̀. Ẹni tó bá mọ Python dáadáa lè kọ ọ́ ní ọ̀sán kan.

Ibo wá ni framework ti wọ̀ ọ́? Ẹ bi káfíńtà. Bí ó bá fẹ́ ṣe fèrèsé, férémù ni yóò kọ́kọ́ tò. Framework ni férémù tí ẹlòmíràn ti tò sílẹ̀ dè ọ́: àyípoyípo tí mo sọ yẹn ti wà nínú rẹ̀, ìrántí ti wà nínú rẹ̀, ọ̀nà àtipe módẹ́ẹ̀lì lóríṣiríṣi ti wà nínú rẹ̀. Ìwọ yóò kàn fi gíláàsì tìrẹ sí i. Ohun tó dáa ni, èmi kò bú u. Ṣùgbọ́n fèrèsé tí férémù rẹ̀ fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí gíláàsì kò fi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, kí ni ẹni tó wà nínú ilé yóò fi rí ìta?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí kọjá eré. Ní oṣù keje ọdún 2025, Jason Lemkin, oníṣòwò ará Amẹ́ríkà tó dá SaaStr sílẹ̀, ń fi éjẹ́ǹtì ilé-iṣẹ́ Replit kọ́ prógíráàmù kan. Ó ti sọ fún éjẹ́ǹtì náà ní kedere pé kí ó má ṣe yí nǹkan kan padà mọ́. Éjẹ́ǹtì yìí sì lọ pa àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń lò gan-an rẹ́, àkọsílẹ̀ àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó lé ní 1,200. Nígbà tí wọ́n bi í, ó ní kò sí bí a ti lè dá a padà mọ́. Bẹ́ẹ̀, ó ṣeé dá padà! Ọ̀gá Replit, Amjad Masad, tọrọ àforíjì ní gbangba, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya ibi ìdánwò sọ́tọ̀ kúrò lára ibi iṣẹ́ gidi.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nínú ìtàn yìí kò ju ẹyọ kan lọ. Lemkin sọ̀rọ̀, éjẹ́ǹtì gbọ́, síbẹ̀ ó ṣe é. Kí a kọ “má ṣe” sínú ọ̀rọ̀ tí a ń sọ fún módẹ́ẹ̀lì kò yàtọ̀ sí kí a kọ “ẹ má wọlé” sára ilẹ̀kùn tí a kò tì. Kọ́kọ́rọ́ ló ń ti ilẹ̀kùn. Inú prógíráàmù ni kọ́kọ́rọ́ wà, kò sí nínú ọ̀rọ̀ ẹnu. Nítorí náà, nígbà tí mo bá gbé framework kan yẹ̀ wò, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ wá ni ibi tí mo ti lè di ọwọ́ éjẹ́ǹtì mú kí ó tó ṣe ohun tí kò ṣeé tún ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, mo fẹ́ rí gbogbo ọ̀rọ̀ tó lọ sọ́dọ̀ módẹ́ẹ̀lì àti gbogbo èyí tó bọ̀, lẹ́tà sí lẹ́tà, láìsí pé mo ń wá a kiri bí ẹni tó sọ owó nù. Báyìí, ẹ jẹ́ ká wo àwọn tó wà lórí àtẹ.

LangChain ni baba wọn, ó sì yẹ kí a kí baba. Harrison Chase gbé e síta ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, nǹkan bí oṣù kan ṣáájú ChatGPT. Ìgbà tí gbogbo ayé wá ń sá kiri tí wọ́n ń wá bí wọn yóò ṣe fi AI ṣe nǹkan, òun ló ti tẹ́ ọjà sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìwé lo fẹ́ kí AI kà, ó ní in. Bí ó bá jẹ́ módẹ́ẹ̀lì mẹ́wàá lo fẹ́ dán wò, ó ní gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti ibẹ̀ kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka kóòdù rẹ̀ àtijọ́ yóò rí àléébù kan tí a máa ń rí lára òǹkọ̀wé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀: gbogbo nǹkan ló ní orúkọ ńlá. Ohun tí kò ju kí a fi ọ̀rọ̀ kan há àárín ọ̀rọ̀ mìíràn lọ, ó ní orúkọ oyè tirẹ̀. Kí a pe módẹ́ẹ̀lì kí a sì gba èsì, orúkọ mẹ́ta ló máa là kọjá. Nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́, o ó máa ṣí ìlẹ̀kùn kan lẹ́yìn òmíràn, o kò sì ní bá ẹnikẹ́ni nínú yàrá.

Kì í ṣe èmi nìkan ló rí i bẹ́ẹ̀. Octomind, ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Jámánì kan tó ń fi éjẹ́ǹtì AI ṣe àyẹ̀wò wẹ́ẹ̀bùsáìtì, lo LangChain fún ohun tó lé ní ọdún kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Ní ọdún 2024, wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ìdí tí wọ́n fi síta ni pé àkókò tí wọ́n ń lò láti lóye ohun tó wà nínú LangChain ti ń pọ̀ tó èyí tí wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ tiwọn. Ohun mìíràn tún wà tí kì í ṣe ti ẹwà kóòdù nìkan. Ní ọdún 2023, wọ́n rí ihò kan nínú apá LangChain tó ń ṣe ìṣirò. Módẹ́ẹ̀lì ló ń kọ kóòdù ìṣirò náà, LangChain á sì gbà á, á ṣe é bó ṣe wà, láìwo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí a ti í béèrè ìbéèrè alárékérekè lè tipa báyìí mú kí kọ̀ǹpútà rẹ ṣe ohun tó wu òun. CVE-2023-29374 ni nọ́ńbà tí wọ́n fi pè é. Wọ́n ti dí ihò náà tipẹ́. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé ẹni tó lo apá náà rò pé ìṣirò lásán ni òun ń ṣe, àṣé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ló ṣí sílẹ̀. Ohun tí férémù bá bò, òun náà ló ń bo ewu tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 2023, AutoGPT tún dé. Ẹ rántí ariwo yẹn? Fún un ní iṣẹ́ kan péré, kí o lọ sùn, wọ́n ní yóò pín in, yóò ṣe é, yóò sì yẹ ara rẹ̀ wò. Àwọn ènìyàn rọ́ lọ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló sì bá a níbi tó ti ń yí po lójú kan, tó ń béèrè ohun kan náà lọ́nà mẹ́fà, tí owó módẹ́ẹ̀lì sì ń kà. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá ń yege ní ìgbà 95 nínú 100, iṣẹ́ tó ní ìgbésẹ̀ 10 tó tẹ̀léra yóò yege ní nǹkan bí ìgbà 60 péré nínú 100. Bí ìgbésẹ̀ bá di 20, kò ní ju nǹkan bí 36 lọ. Kò sí framework tó lè sá fún ìṣirò yìí. Èyí tó dáa nínú wọn á jẹ́ kí o lè dá iṣẹ́ dúró láàrin kí o wò ó. Èyí tí kò dáa á ní kí o fọkàn balẹ̀.

CrewAI ni èyí tó dùn mọ́ mi jù láti sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé ó súnmọ́ iṣẹ́ lámèyítọ́ gan-an. João Moura, ọmọ ilẹ̀ Brazil, ló dá a sílẹ̀. Nínú rẹ̀, o kò ní kọ́ éjẹ́ǹtì kan. Ẹgbẹ́ ni wàá kó jọ, bí ẹgbẹ́ eléré. Wàá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ipò, wàá fún un ní ohun tó ń lépa, wàá sì kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀: “Ìwọ ni àgbà olùwádìí tó ti ṣe iṣẹ́ yìí fún ogún ọdún.” Ẹ̀dá-ìtàn nìyẹn, àbí kí ni? Ó rọrùn láti lóye. Ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ kóòdù á kà á, á sì mọ ohun tó ń lọ. Mo gbóríyìn fún un lórí ìyẹn.

Àmọ́, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Bí òǹkọ̀wé bá kọ eré tó ní ẹ̀dá-ìtàn mẹ́rin, ọba, ìyá arúgbó, ọlọ́pàá àti ọmọ ọ̀dọ̀, tí gbogbo wọn sì ń sọ̀rọ̀ bákan náà, kí la máa ń sọ? A máa ń sọ pé ẹnu òǹkọ̀wé ni gbogbo wọn fi ń sọ̀rọ̀. Ohun tí mo rí níbí nìyẹn. Bí módẹ́ẹ̀lì kan náà bá wà lẹ́yìn olùwádìí, lẹ́yìn akọ̀wé àti lẹ́yìn alábòójútó, ohun tí olùwádìí kò mọ̀, alábòójútó náà kò mọ̀ ọ́n. Àṣìṣe ẹni àkọ́kọ́ yóò dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì, ìyẹn yóò sì dán an bí wúrà kó tó gbé e fún ẹnì kẹta. Ogún ọdún ìrírí tí o kọ sílẹ̀ fún un kò fi ọjọ́ kan kún ohun tó mọ̀. Bí iṣẹ́ bá pín ní ti gidi, tí apá kan kò nílò láti mọ ohun tí apá kejì ń ṣe, kí o kó ẹgbẹ́ jọ bó ṣe wù ọ́. Bí kò bá pín, ìpàdé lo ń pè, ìwọ lo sì ń san owó oúnjẹ.

Kí n má baà máa fi ẹnu lásán sọ̀rọ̀, mo fi iṣẹ́ kan náà dán ọ̀nà mẹ́ta wò. Iṣẹ́ ìyá aláṣọ kan ní Balógun ni. Oníbàárà á kọ̀wé pé ṣé sányán wà, ṣé àlàárì wà, èló ni. Éjẹ́ǹtì á wo ìwé ọjà, á dáhùn. Bí ẹnì kan bá ní kí wọ́n dá owó òun padà, éjẹ́ǹtì á tò ó sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá aláṣọ nìkan ló lè fọwọ́ sí i. Mo kọ́kọ́ kọ ọ́ lọ́wọ́ lásán, láìlo framework kankan. Kò ju nǹkan bí ìlà ọgọ́rùn-ún lọ. Mo tún fi CrewAI kọ ọ́, mo sì fi LangGraph kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ “ẹtù” ló la ààrin wọn. Oníbàárà béèrè ẹtù, ẹtù wà nínú ìwé ọjà, éjẹ́ǹtì sì dáhùn tìtẹríba tìtẹríba pé ẹ má bínú, kò sí. Kí ló fà á? Lẹ́tà ẹ tí ó ní àmì nísàlẹ̀ yìí, kọ̀ǹpútà lè tọ́jú rẹ̀ bí ẹyọ àmì kan ṣoṣo, ó sì lè tọ́jú rẹ̀ bí e lásán tí a so àmì mìíràn mọ́ nísàlẹ̀. Lójú èmi àti ẹ̀yin, ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, wọn kò bá ara wọn tan. Fóònù oníbàárà kọ ọ́ ní ọ̀nà kan, ìwé ọjà kọ ọ́ ní ọ̀nà kejì. Bí a bá wá fi àmì ohùn kún un bíi ti ọ̀, ọ̀nà tí a lè gbà kọ ọ́ á tún pọ̀ sí i. Ìlà kóòdù kan péré ló ń wo àrùn yìí: kí a sọ gbogbo rẹ̀ di ẹyọ irú kan kí a tó wá a nínú ìwé ọjà. Àwọn tó kọ framework ní San Francisco kò ní irú lẹ́tà yìí lórí bọ́tìnnì wọn, n kò sì dá wọn lẹ́bi.

Ohun tí mo ń wò ni bí ó ṣe pẹ́ tó kí àrùn tó fojú hàn. Nínú èyí tí mo fọwọ́ kọ, ó wà níbẹ̀ gbangba: ohun tí módẹ́ẹ̀lì ní kí á wá, èsì tí irinṣẹ́ fún un, òfo. Mo rí i kí tíì mi tó tutù. Nínú LangGraph, mo rí i nígbà tí mo ṣí ibi tó ń tọ́jú ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí. Nínú CrewAI, éjẹ́ǹtì kejì ti gba òfo yẹn, ó ti fi kọ ìròyìn aládùn pé ọjà ẹtù ń tà gan-an lásìkò yìí ni kò fi sí mọ́! Mo ní láti ka ọ̀rọ̀ púpọ̀ kí n tó dé ìdí rẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó: ìyá yìí á máa pàdánù oníbàárà lójoojúmọ́, gbogbo ìwé tó ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ̀ á sì máa sọ fún un pé ọjà ń tà.

Ọ̀rọ̀ owó náà wà níbẹ̀. Ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ ọ̀rọ̀ àtẹ̀yìnwá ni prógíráàmù sábà máa ń kó fún módẹ́ẹ̀lì ní gbogbo ìgbà tó bá yí po, tókìnnì ni wọ́n sì fi ń ka owó rẹ̀, ìyẹn àwọn ègé kéékèèké tí wọ́n gé ọ̀rọ̀ sí. Yorùbá tí a fi àmì sí máa ń di ègé púpọ̀ ju Gẹ̀ẹ́sì tó ní ìtumọ̀ kan náà lọ. Nítorí náà, framework tó bá ń fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún ọ̀rọ̀ wa lẹ́yìn wa, àwa tí à ń fi náírà ra dọ́là là ń sanwó ọ̀rọ̀ náà. Ó kéré tán, ká mọ ohun tí wọ́n sọ lórúkọ wa.

LangGraph, tí àwọn ará LangChain kan náà gbé jáde ní ọdún 2024, ló dà bí ìwé kejì òǹkọ̀wé tó ti gbọ́ ohun tí wọ́n sọ nípa ìwé àkọ́kọ́. Orúkọ oyè dín kù. Ìwọ fúnra rẹ lo máa ya àwòrán iṣẹ́ rẹ: ibùdó kan rèé, ọ̀nà tó ti ibẹ̀ lọ sí òmíràn rèé. Ó ń tọ́jú ibi tí iṣẹ́ dé. Bí iná bá lọ, tí ẹ̀rọ bá kú, ó lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró. Ó sì mọ bí a ti í dúró de ènìyàn. Iṣẹ́ dídá owó padà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ó dúró níbẹ̀ títí ìyá aláṣọ fi fọwọ́ sí i, ì báà di ọjọ́ kejì. Kọ́kọ́rọ́ gidi nìyẹn. Nígbà tí LangChain wá di 1.0 ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, orí LangGraph ni wọ́n gbé éjẹ́ǹtì rẹ̀ kà. Baba wọ aṣọ ọmọ. Àléébù rẹ̀ ni pé fún iṣẹ́ kékeré, àwòrán náà á pọ̀ ju iṣẹ́ lọ, ẹni tó bá sì fẹ́ lò ó ní láti jókòó kọ́ ọ.

Èyí tí Hugging Face gbé jáde ní ìparí ọdún 2024, smolagents, kéré débi pé ọkàn rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìlà ẹgbẹ̀rún kan lọ. Ènìyàn lè kà á tán, ohun tí n kò lè sọ nípa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n kóòdù ni éjẹ́ǹtì rẹ̀ ń kọ láti ṣe iṣẹ́, bí o kò bá sì wá àgọ́ tó ní odi fún kóòdù yẹn, o ti fi iná sórí òrùlé sùn.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí àwọn tó ń yan framework kì í fẹ́ gbọ́, ọ̀rọ̀ ikú. Ẹ wo AutoGen ti Microsoft. Wọ́n gbé ìwé rẹ̀ jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2023. Ní ọdún 2024, díẹ̀ nínú àwọn tó dá a sílẹ̀ yà kúrò, wọ́n dá AG2 sílẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, Microsoft tún AutoGen kọ láti ìpìlẹ̀, wọ́n pè é ní 0.4. Kí ọdún yẹn tó parí, ní oṣù kẹwàá, wọ́n tún gbé Microsoft Agent Framework jáde láti gba ipò rẹ̀. Ẹni tó kọ́ ilé sórí AutoGen ní 2023 kò ráyè kun ilé rẹ̀ lọ́dà kí wọ́n tó ní kó máa kó lọ. Ti OpenAI kò yàtọ̀ púpọ̀. Wọ́n gbé Assistants API síta ní oṣù kọkànlá ọdún 2023; ní ọdún 2025 wọ́n kéde pé ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2026 ni wọn yóò ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Swarm wọn dé ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 bí ohun ìkọ́ni. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, Agents SDK ti gba ipò rẹ̀. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Ẹ má gbọ́ mi gbọ́ òdì. N kò ní kí wọ́n má tún iṣẹ́ wọn ṣe. Ṣùgbọ́n kí o tó wọlé, wo ilẹ̀kùn tí wàá gbà jáde. Ohun tí mo rí tó ràn mí lọ́wọ́ jù ni pé kí á kọ irinṣẹ́ wa sọ́tọ̀, kí ó má mọ framework kankan lójú. Ìlànà MCP tí Anthropic gbé kalẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2024 mú èyí rọrùn, nítorí pé OpenAI náà gbà á ní ọdún 2025, àwọn mìíràn sì tẹ̀lé e. Irinṣẹ́ tó ń wo ìwé ọjà ìyá aláṣọ, bí mo ṣe lò ó nínú èyí tí mo fọwọ́ kọ ni mo ṣe lò ó nínú LangGraph, n kò yí ìlà kan padà.

Anthropic yìí náà kọ àròkọ kan ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tọ́ka sí. Wọ́n ní kí á kọ́kọ́ máa bá módẹ́ẹ̀lì sọ̀rọ̀ tààrà, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí à ń wá framework fún kò ju ìlà kóòdù díẹ̀ lọ. Mo gbà pẹ̀lú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọlọ́jà ni àwọn náà: ẹni tó bá yọ alárinà kúrò, ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ọjà gan-an ló ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ wọn tó wọ̀ mí lára jù ni ìyàtọ̀ tí wọ́n fi sí ààrin iṣẹ́ tí ọ̀nà rẹ̀ ti wà nílẹ̀ àti iṣẹ́ tí módẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ní láti wá ọ̀nà rẹ̀. Èyí kejì nìkan ló yẹ ká máa pè ní éjẹ́ǹtì.

Bí ẹnì kan bá bi mí lónìí, èyí tí n ó sọ nìyí. Ṣọ́ọ̀bù kékeré tó ní irinṣẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹni tó ń bá wọn kọ ọ́ fọwọ́ kọ ọ́, kí ó fi òǹkà sí iye ìgbà tí éjẹ́ǹtì lè yí po, kí ó sì tọ́jú gbogbo ọ̀rọ̀ tó wọlé àti èyí tó jáde sínú fáìlì tí ènìyàn lè kà. Ilé-iṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ ń gba ọjọ́ púpọ̀, tí àwọn ènìyàn ní láti máa fọwọ́ sí nǹkan láàrin, LangGraph ni mo máa mú lọ́wọ́ báyìí. CrewAI, màá fi han ọ̀gá tó fẹ́ rí bí nǹkan yóò ṣe rí kó tó yọ owó, n kò sì ní gbé owó oníbàárà lé e lọ́wọ́. Ní ti ìyá aláṣọ wa, ó tún ní òun fẹ́ kí éjẹ́ǹtì máa ka iye aṣọ tó kù fún òun láràárọ̀. Ìyẹn kò nílò framework, kò tilẹ̀ nílò AI. Prógíráàmù ìlà méjìlá ló ń kà á, aago méje ló ń fi í ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀, ẹtù sì wà nínú rẹ̀.